Gregor Mendel, Àlùfáà Tí Ó Gbin Ẹ̀wà

Àwọn bàbá wa ti mọ̀ láti ìgbà láéláé pé ẹní bí ni là á jọ. Bí a bá bí ọmọkùnrin sínú ilé lẹ́yìn ikú bàbá-àgbà, wọn a sọ ọ́ ní Babátúndé. Bí a bá sì bí obìnrin lẹ́yìn ikú ìyá-àgbà, wọn a sọ ọ́ ní Yétúndé. Inú wọn a sì máa dùn púpọ̀ nígbà tí wọ́n bá rí i pé imú ọmọ náà, tàbí ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀, bá ti olóògbé mu rẹ́gí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá tí ó bí i kò ní irú imú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wo ni ìrísí baba-ńlá ń gbà fo ọmọ dá, tí ó sì tún ń yọ lára ọmọ-ọmọ? Ìbéèrè yìí rú àwọn ọ̀mọ̀wé gbogbo ayé lójú fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tí ó kọ́kọ́ rí ojútùú rẹ̀ ni ọmọ àgbẹ̀ kan, àlùfáà nínú ìjọ Àgùdà, ẹni tí ó ṣubú nínú ìdánwò olùkọ́, tí ó sì kú láìjẹ́ pé ayé mọ ohun tí ó ṣe. Ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkàwé wa nínú oṣù yìí, nítorí ọ̀ràn náà kan ilé púpọ̀ láàrin wa.

A bí ọkùnrin yìí ní oṣù Keje ọdún 1822 ní ìletò Heinzendorf, ní agbègbè Silesia, lábẹ́ ìjọba Austria. Hynčice ni ìletò náà ń jẹ́ lónìí, ó sì wà ní orílẹ̀-èdè Czech. Johann ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Anton bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ tí ó ti ṣe ọmọ-ogun rí. Rosine ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ó sì ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan àti àbúrò obìnrin kan. Bàbá náà kò ní òmìnira lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, nítorí ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún onílẹ̀. Ó fara jọ ìwọ̀fà tí àwọn bàbá wa mọ̀; ṣùgbọ́n ìwọ̀fà a máa bọ́ nígbà tí a bá san gbèsè, èyí kì í sì í bọ́. Ọdún 1848 ni ìjọba tó fi òpin sí i. Níbi oko yìí ni ọmọdé náà ti kọ́ bí a ti ń tọ́jú oyin àti igi eléso, nítorí àlùfáà ìletò wọn, Johann Schreiber, fẹ́ràn láti máa kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ rẹ̀ rí i pé orí ọmọ náà pé, wọ́n sì rán an kúrò nílé nígbà tí ó di ọmọ ọdún mọ́kànlá, lẹ́yìn náà sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìlú Troppau. Owó tí àwọn òbí rẹ̀ ní kò tó fún oúnjẹ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ebi sì ń pa á. Ní ọdún 1838, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ onílẹ̀ nínú igbó, ìtì igi ńlá kan ṣubú lù ú láyà, kò sì tún lè ṣiṣẹ́ bí ọkùnrin mọ́. Láti ìgbà náà ni ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yìí ti ń kọ́ àwọn ọmọ ẹlòmíràn kí ó lè rí owó bọ́ ara rẹ̀. Ìdààmú náà pọ̀ fún un tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣàìsàn, tí ó sì padà sílé fún oṣù púpọ̀.

Níhìn-ín ni ó yẹ kí a dárúkọ Theresia, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ní ilẹ̀ wọn, obìnrin ni ń mú ẹrù àti owó lọ sí ilé ọkọ. Ọmọbìnrin yìí gé nínú owó tí a fi pamọ́ fún ìgbéyàwó rẹ̀, ó sì fi í fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ó lè parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ìlú Olomouc. Mendel kò gbàgbé oore yìí. Nígbà tí agbára rẹ̀ tó o, ó rán àwọn ọmọkùnrin Theresia mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ilé-ìwé, méjì nínú wọn sì di oníṣègùn. A rò pé a kì bá tí gbọ́ orúkọ Mendel láéláé bí kì í bá ṣe ti ọmọbìnrin yìí.

Ní ọdún 1843, ó wọ ilé àwọn mọ́ńkì ti Augustine Mímọ́ ní ìlú Brno, níbẹ̀ ni a sì ti fún un ní orúkọ Gregor. Òun tìkára rẹ̀ kò fi pamọ́ pé àìní wà lára ohun tí ó tì í lọ sí ibẹ̀, nítorí ó ti sú u láti máa ṣe làálàá oúnjẹ òòjọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí ó wọ̀ náà kì í ṣe ilé àdúrà nìkan. Ilé ìwé ni pẹ̀lú. Cyril Napp tí í ṣe olórí wọn fẹ́ràn ìmọ̀, ó sì máa ń ronú lórí bí a ti ṣe lè mú irú àgùntàn àti èso tí ó dára jù jáde. Wọ́n fi Mendel jẹ àlùfáà ní ọdún 1847, wọ́n sì rán an láti máa bẹ àwọn aláìsàn wò. Iṣẹ́ yìí kò bá a lára mu rárá. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń jẹ̀rora, tàbí ẹni tí ń kú lọ, ọkàn òun náà a rẹ̀wẹ̀sì títí yóò fi dùbúlẹ̀ àìsàn. Napp kò bá a wí. Ó rí i pé ẹ̀bùn kì í rí bákan náà, ó sì rán an lọ ṣe olùkọ́ ní ìlú Znaim ní ọdún 1849.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó lọ ṣe ìdánwò ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ ní Vienna ní ọdún 1850, kò yege. Wọ́n wá rán an lọ sí Yunifásítì Vienna láti ọdún 1851 títí di 1853. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìmọ̀ físíìsì lọ́dọ̀ Christian Doppler, àti ìmọ̀ ewéko lọ́dọ̀ Franz Unger. Ohun tí ó kó bọ̀ láti ibẹ̀ ṣe iyebíye: ó kọ́ láti máa fi ìṣirò wá òtítọ́ àwọn ohun tí Ọlọ́run dá. Ní ọdún 1856 ó tún lọ ṣe ìdánwò náà, àìsàn sì mú un, kò lè parí rẹ̀. Títí ó fi kú, kò ní ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kọ́ni fún ọdún mẹ́rìnlá ní Brno. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ìdánwò ti já kulẹ̀, ẹ fi èyí sí ọkàn.

Ní ọdún 1856 yìí kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ó ní ilẹ̀ kékeré kan lẹ́bàá ilé àwọn mọ́ńkì náà, gígùn rẹ̀ tó mítà 35, ìbú rẹ̀ sì tó mítà 7. Ẹ̀wà ni ó gbìn síbẹ̀, irú ẹ̀wà roboto tí àwọn ará Yúróòpù fẹ́ràn láti máa jẹ. Ọdún méjì ni ó ti fi yẹ oríṣi 34 wò ṣáájú, kí ó lè dá a lójú pé oríṣi kọ̀ọ̀kan ń bí irú ara rẹ̀ láìyẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yan ohun méje tí ó fi ìyàtọ̀ hàn gbangba: bí hóró ti rí, bóyá ó ń dán roboto ni tàbí ó hunjọ, àwọ̀ hóró, àwọ̀ òdòdó, ìrísí èèpo, àwọ̀ èèpo, ipò òdòdó lára igi, àti gíga igi.

Iṣẹ́ náà gba sùúrù. A máa ṣí òdòdó kan kí ó tó tanná, a máa já àwọn ẹ̀yà akọ inú rẹ̀ kúrò, a sì máa fi ìyẹ̀fun òdòdó mìíràn kan ẹ̀yà abo; lẹ́yìn náà a fi àpò aṣọ kékeré bò ó, kí kòkòrò má baà mú ìyẹ̀fun àjèjì wá. Báyìí ni ó so ẹ̀wà olómi-ewé pọ̀ mọ́ ẹ̀wà aláwọ̀ ìyeyè. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè. A ò rí olómi-ewé kan ṣoṣo láàrin wọn. Ẹni tí kò ní sùúrù ìbá ti wí pé àwọ̀ ewé ti parun. Mendel kò wí bẹ́ẹ̀. Ó tún gbin àwọn ọmọ náà, ó sì jẹ́ kí wọ́n bí tiwọn. Nígbà tí ó ka hóró àwọn ọmọ-ọmọ, ó rí aláwọ̀ ìyeyè 6,022, ó sì rí olómi-ewé 2,001. Àwọ̀ tí ó fara sin ti padà wá! Ó ka ti roboto àti èyí tí ó hunjọ: 5,474 sí 1,850. Ó ka ti igi gíga àti kúkúrú: 787 sí 277. Nínú ohun méjèèje, ìdáhùn kan náà ni: mẹ́ta sí ọ̀kan.

Ìtumọ̀ tí ó fún un rọrùn, ó sì jinlẹ̀. Gbogbo igi ẹ̀wà ní èròjà méjì fún ohun kọ̀ọ̀kan. Ó gba ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá, ó gba ìkejì lọ́wọ́ ìyá. Bí méjèèjì bá yàtọ̀, ọ̀kan a borí, èkejì a fara pamọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó fara pamọ́ kò kú, bẹ́ẹ̀ ni kò yí padà. Nígbà tí igi náà bá fẹ́ bímọ, ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì ni yóò fi fún ọmọ, bí ẹni ju owó ẹyọ tí ó lè dojú dé tàbí kí ó ṣíjú sókè. Bí òbí méjèèjì bá ní èyí tí ó fara pamọ́, nínú ọ̀nà mẹ́rin tí ó lè gbà bọ́ sí, ọ̀kan ni ọmọ yóò fi gbà á lọ́wọ́ bàbá àti lọ́wọ́ ìyá pẹ̀lú, nígbà náà ni yóò sì hàn lójú gbogbo ènìyàn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ohun tí a kò rí lára ọmọ fi ń yọ lára ọmọ-ọmọ.

Ọdún mẹ́jọ ni ó fi ṣe iṣẹ́ yìí, títí di ọdún 1863, igi tí ó sì gbìn tó 28,000. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejì ọdún 1865, àti ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta tí ó tẹ̀lé e, ó ka ìwé rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ ìmọ̀ ìṣẹ̀dá ní Brno. Àwọn ènìyàn gbọ́, wọ́n sì lọ sí ilé wọn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1866, ìwé náà sì dé ilé-ìkàwé tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Mendel tìkára rẹ̀ gba ẹ̀dà 40, ó sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀mọ̀wé. Carl Nägeli, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Munich, dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Ó ní kí ó lọ yẹ koríko kan tí a ń pè ní Hieracium wò. Mendel ṣe bẹ́ẹ̀ tinútinú títí ojú fi ń dùn ún, òfin rẹ̀ kò sì bá koríko náà mu. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni a tó mọ̀ pé koríko yìí a máa so hóró láìgba ìyẹ̀fun akọ, nítorí náà ìyá nìkan ni àwọn ọmọ ń jọ.

Ní ìgbà ayé rẹ̀ kan náà ni Charles Darwin ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1859, nípa bí ẹ̀dá alààyè ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ìṣòro ńlá kan wà níwájú Darwin. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ti ìyá ń dàpọ̀ bí ẹní da omi lu ẹmu, kò ní pẹ́ tí ohun rere tí ó yọ lára ẹnìkan yóò fi dàlù nù. Mendel ní ìdáhùn lọ́wọ́: kò sí àdàlù, èròjà kọ̀ọ̀kan dá wà lọ́tọ̀. Mendel ka ìwé Darwin, ó sì fi àmì sí i lára; ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó fi hàn pé Darwin ka ti Mendel rí.

Ní ọdún 1868 ni wọ́n fi í ṣe olórí ilé àwọn mọ́ńkì, iṣẹ́ ìṣàkóso sì gba gbogbo àkókò rẹ̀. Nígbà tí ìjọba gbé òfin owó-orí tuntun jáde ní ọdún 1874, tí ó mú ẹrù wúwo bá àwọn ilé mọ́ńkì, ó kọ̀ láti san án, kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà títí dé ojú ikú. Ó ń tọ́jú oyin, ó sì ń kọ bí òjò àti ooru ti rí sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ó kú ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kínní ọdún 1884, ọjọ́ àjọ̀dún Ìfihàn, nítorí àìsàn kíndìnrín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sọkún rẹ̀, pàápàá àwọn tálákà. Ṣùgbọ́n wọ́n sọkún àlùfáà rere, wọn kò mọ̀ pé ọ̀mọ̀wé ńlá ni wọ́n ń sin. Lẹ́yìn ìsìnkú, a sun ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé tí ó fi ọwọ́ kọ.

Ọdún 34 kọjá lẹ́yìn tí a ti tẹ ìwé rẹ̀. Ní ọdún 1900, Hugo de Vries ní Hólándì, Carl Correns ní Jámánì, àti Erich von Tschermak ní Austria, olúkúlùkù nínú iṣẹ́ tirẹ̀, kàn án pé àlùfáà kan ti ṣe é ṣáájú wọn. William Bateson kéde rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1909 ni Wilhelm Johannsen sọ èròjà náà ní jíìnì. Ní ọdún 1936, R. A. Fisher ṣe ìṣirò, ó sì wí pé iye tí Mendel kọ sílẹ̀ bá ìrètí rẹ̀ mu jù bí ó ti yẹ lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé jiyàn lórí èyí fún ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n tún ẹ̀wà náà gbìn rí mẹ́ta sí ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ti rẹ̀. Ní ọdún 1953 ni a mọ bí DNA tí ń gbé jíìnì ti rí. Nígbà tí yóò sì fi di ọdún 2003, wọ́n ti parí ètò ńlá tí a fi ka èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a kọ sínú ara ènìyàn. A kò gbọdọ̀ pa á mọ́ pé àwọn kan lo ìmọ̀ yìí ní ìlòkulò. Ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1907, àti ní Jámánì láti ọdún 1933, òfin fi àyè sílẹ̀ láti sọ àwọn ènìyàn di àgàn pẹ̀lú ipá, nítorí wọ́n kà wọ́n sí aláìpé. Mendel ka ẹ̀wà. Kò kọ́ ẹnikẹ́ni láti ṣá ọmọ ènìyàn tì.

Nísisìyí, ẹ jẹ́ kí a wá sí ilé ara wa. Àrùn kan wà láàrin wa tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Hóró ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó yẹ kí ó rí roboto a máa tẹ̀ bí dòjé, a dí ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, a sì fa ìrora kíkorò nínú egungun. James Herrick ní Chicago ni ó kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn ní ọdún 1910. Ní ọdún 1949, James Neel fi hàn pé òfin Mendel gan-an ni ó ń tẹ̀lé. Ní ọdún 1956 sì ni Vernon Ingram rí i pé ohun bíńtín kan ṣoṣo ni ó yí padà nínú èròjà pupa ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó ní S kan ṣoṣo, tí a ń pè ní AS, kì í sábà ṣàìsàn. Anthony Allison fi hàn ní ọdún 1954 pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa rí ààbò lọ́wọ́ ibà ẹ̀fọn. Nítorí náà ni S ṣe pọ̀ ní ilẹ̀ wa ju ilẹ̀ òtútù lọ. Nínú ènìyàn mẹ́rin ní Nàìjíríà, ó fẹ́rẹ̀ tó ẹnìkan tí ó jẹ́ AS. Ẹ̀bùn tí ó gba ọmọ kan là lọ́wọ́ ibà ni ó ń pa ọmọ mìíràn lára nígbà tí ó bá di méjì.

Ẹ wo ohun tí àìmọ̀ yìí ti fà. Ìyá á bímọ, ọmọ á máa ké lóru, á sì kú. Òmíràn á tún wá, á tún kú. Àwọn ènìyàn á ní àbíkú ni, wọn á fi abẹ sá òkú ọmọ kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí ó bá padà wá. Wọn á ní ìyá ọkọ ni àjẹ́, tàbí kí wọ́n lé ìyàwó kúrò nílé. A kò wí pé gbogbo àbíkú ni àrùn yìí. Ibà àti ìgbẹ́ gbuuru pa púpọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí ó jẹ́ tirẹ̀, kò sí àjẹ́ níbẹ̀. Bàbá fi ọ̀kan sílẹ̀, ìyá fi ọ̀kan sílẹ̀, kò sì sí èyí tí ó mọ̀. Ìyá nìkan ni a dá lẹ́bi, nígbà tí bàbá gbé ìlàjì ẹrù náà wá.

Bí AS bá fẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu náà nígbà kọ̀ọ̀kan tí obìnrin bá lóyún. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé bí àkọ́bí bá ṣàìsàn, mẹ́ta tí ó kù ti bọ́. Owó ẹyọ kì í rántí bí a ti jù ú lánàá. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní ilẹ̀ wa ni ó ń béèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó kéde ìgbéyàwó, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ jù: aṣọ ẹbí ti délẹ̀, ọkàn àwọn méjèèjì sì ti so pọ̀ ṣinṣin. Kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa wò nígbà tí wọ́n wà ní ilé-ìwé, kí olúkúlùkù mọ tirẹ̀ kí ó tó wá ẹni tí yóò fẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tí ń tún jíìnì ẹni tí ó ní àrùn yìí ṣe. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga ju ohun tí ọwọ́ àwọn ènìyàn wa lè tó. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò wọ́n bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí ó sì ti ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé, kí wọ́n má ṣe fi ojú ẹ̀ṣẹ̀ wò ó, kí ìjọ má sì ṣe sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wọn. Kí wọ́n máa fún un ní omi púpọ̀, kí wọ́n dáàbò bò ó lọ́wọ́ ẹ̀fọn àti òtútù, kí wọ́n sì tètè gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn nígbà ìrora. Mendel kò lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn, nítorí ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ẹ̀wà tí ó kà ti dúró níbẹ̀ dípò rẹ̀.